Jeremáyà àti ilé Jòsáyà: ta ni ọ̀tá wòlíì gan-an ní ààfin?

Olùkọ́ Kíláàsì Àgbà:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ wa, a sì ti dé ìparí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, níbi tí ìjọba Júdà ti ń wó lọ. Ìbéèrè kan jáde nínú kíláàsì náà tí n kò fẹ́ fi ìdáhùn orí ahọ́n dá lóhùn, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Gbogbo wa ni a mọ Jòsáyà sí ọba rere. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tí ó gun orí ìtẹ́. Ní ọdún kejìdínlógún ìjọba rẹ̀ ni wọ́n rí Ìwé Òfin nínú tẹ́ńpìlì, ó fa aṣọ rẹ̀ ya nígbà tí wọ́n kà á sí i létí, ó wó àwọn pẹpẹ òrìṣà palẹ̀, ó sì pa Àjọ Ìrékọjá mọ́ lọ́nà tí a kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà àwọn onídàájọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ni wọ́n jọba lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí Ìwé Mímọ́ sọ pé ó ṣe ohun tí ó tọ́ ní ojú Olúwa. Ní ayé wọn ni wọ́n sun ìwé Jeremáyà níná, ni wọ́n lù ú, tí wọ́n sì sọ ọ́ sínú ihò.

Ohun tí kíláàsì mi ń béèrè ni pé, bí Ọlọ́run ti pe Jeremáyà láti ọdún kẹtàlá ìjọba Jòsáyà, kí ló dé tí ọba kò fi ránṣẹ́ sí i nígbà tí wọ́n rí Ìwé Òfin, tí ó jẹ́ pé Húlídà wòlíì obìnrin ni ó rán àwọn ènìyàn sí? Lẹ́yìn èyí, ṣé gbogbo ààfin ni ó kórìíra wòlíì yìí ni, tàbí àwọn ọba nìkan? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa ni kí ó dá mi lóhùn.

Onítàn:

Ẹ kú iṣẹ́ ìkọ́ni, Olùkọ́. Ìbéèrè kíláàsì yín jinlẹ̀, ó sì yẹ kí a tú u palẹ̀.

Ní ti Húlídà, ẹ wo ọjọ́ orí àti ibùgbé. Àwọn onímọ̀ ka ọdún kẹtàlá Jòsáyà sí nǹkan bí ọdún 627 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n sì ka ọdún kejìdínlógún rẹ̀ sí 622. Ọdún bíi márùn-ún péré ni ó wà láàrin ìpè Jeremáyà àti ìgbà tí wọ́n rí ìwé náà. Ẹni tí ó wí fún Ọlọ́run pé ọmọdé ni òun, tí òun kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò tíì lè di ẹni tí ààfin ń ránṣẹ́ pè. Ánátótì ni ìlú rẹ̀, ìlú àwọn àlùfáà ní ìhà àríwá Jerúsálẹ́mù, ibi tí Sólómọ́nì lé àlùfáà Ábíátárì lọ nígbà tí ó gbè sẹ́yìn Àdóníjà lórí ọ̀rọ̀ ìtẹ́ Dáfídì. Húlídà ní tirẹ̀ ń gbé inú Jerúsálẹ́mù, ní apá kejì ìlú náà, Ṣálúmù ọkọ rẹ̀ sì ni olùtọ́jú aṣọ. Ìrìn díẹ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ ọba fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí pé ó sún mọ́ ààfin ni ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ dídùn. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ márààrún dé, ohun tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé kí wọ́n lọ sọ fún ọkùnrin tí ó rán wọn sí òun pé ibi ń bọ̀ wá sórí ibẹ̀. Ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ pè é. Ìgbà tí ó kan ọ̀rọ̀ àánú, pé Jòsáyà kò ní fi ojú ara rẹ̀ rí ibi náà, ni ó tó pè é ní ọba Júdà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ kíyè sí bí ìtẹ́ ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Fáráò Nẹ́kò pa Jòsáyà ní Mẹ́gídò ní ọdún 609. Àwọn ará ilẹ̀ náà fo Élíákímù, ẹni ọdún 25, dá, wọ́n mú Jèhóáhásì àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ ẹni ọdún 23, wọ́n sì ta òróró sí i lórí. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Oṣù mẹ́ta péré ni Jèhóáhásì lò lórí ìtẹ́ tí Nẹ́kò fi dè é ní Ríbílà tí ó sì gbé e lọ sí Íjíbítì, ó fi Élíákímù jọba dípò rẹ̀, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Jèhóákímù, ó sì bu 100 tálẹ́ńtì fàdákà àti tálẹ́ńtì wúrà kan lé ilẹ̀ náà. Ọwọ́ àwọn ará ilẹ̀ ni ọba tuntun náà ti gba owó ọ̀hún, ó bù ú lé olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti mọ. Èrò tèmi ni pé ọba tí ilẹ̀ òkèèrè fi jẹ, tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ kò yàn, kì í ka ohùn àwọn ènìyàn náà sí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ní ka ti wòlíì tí ń sọ̀rọ̀ nítorí wọn sí.

Ẹ wá ka Jeremáyà orí 22 láti ẹsẹ 13 lọ. Jèhóákímù ń kọ́ ilé ńlá nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ó fẹ́ àwọn yàrá òkè tí ó láyè, ó la fèrèsé sí i, ó fi igi kédárì bò ó nínú, ó sì fi ọ̀dà pupa kùn ún, ṣùgbọ́n kò san owó iṣẹ́ fún àwọn tí ó kọ́ ọ. Jeremáyà bi í léèrè bóyá kédárì tí ó fi ń díje ni ó sọ ọ́ di ọba. Ó rán an létí bàbá rẹ̀, pé Jòsáyà náà jẹ, ó mu, ṣùgbọ́n ó ṣe ìdájọ́ òtítọ́, ó gba ẹjọ́ tálákà àti aláìní rò, ó sì dára fún un. Olúwa wá béèrè pé ṣé kì í ṣe èyí ni láti mọ òun.

Ẹ rí i pé nígbà tí wòlíì fẹ́ fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin bàbá àti ọmọ hàn, kò mẹ́nu kan àwọn pẹpẹ tí Jòsáyà wó, kò sì mẹ́nu kan Àjọ Ìrékọjá ńlá yẹn. Owó iṣẹ́ àti ẹjọ́ tálákà ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí kíláàsì yín dúró lé lórí jù lọ nìyẹn, nítorí pé ìwàásù wa lórí Jòsáyà kì í sábà kọjá ère tí ó fọ́. Jeremáyà kò dìde sí ìdílé ọba gẹ́gẹ́ bí ìdílé. Ó sun ẹkún Jòsáyà nígbà tí ó kú, Kíróníkà Kejì sì sọ ọ́. Ìrántí bàbá ni ó fi ń bá àwọn ọmọ wí.

Ìyá Akọ̀wé:

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa Onítàn tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dé orí ìbéèrè kejì, ìyẹn bóyá gbogbo ààfin ni ó kórìíra Jeremáyà. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìdílé kan ṣoṣo, ìdílé Ṣáfánì akọ̀wé, kí ẹ sì wo iye ìgbà tí ó yọ sí ọ̀rọ̀ wòlíì yìí.

Ṣáfánì ni ẹni tí ó ka Ìwé Òfin sí etí Jòsáyà. Áhíkámù ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n lọ sí ilé Húlídà. Nígbà tí Jeremáyà dúró ní àgbàlá tẹ́ńpìlì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Jèhóákímù, tí ó wí pé ilé náà yóò dà bí Ṣílò, ibi ìjọsìn àtijọ́ tí ó ti di ahoro, tí àwọn àlùfáà àti àwọn wòlíì sì ní dandan ni kí ó kú, àwọn àgbà ilẹ̀ dìde, wọ́n rán àwọn ènìyàn létí pé Míkà ará Móréṣétì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ayé Hesekáyà, ọba kò sì pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ìwé Mímọ́ sọ pé ọwọ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú Jeremáyà kí wọ́n má bàa pa á ni Áhíkámù. Yàrá Gemaráyà, ọmọ Ṣáfánì mìíràn, ni Bárúkù akọ̀wé Jeremáyà ti ka ìwé wòlíì náà sí etí gbogbo ènìyàn. Élásà ọmọ Ṣáfánì wà lára àwọn tí wọ́n gbé lẹ́tà Jeremáyà lọ fún àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì. Nígbà tí ìlú sì wó tán, ọ̀dọ̀ Gedaláyà ọmọ Áhíkámù, ọmọ-ọmọ Ṣáfánì, ni wòlíì náà fi ara mọ́ ní Mísípà. Nínú ìwalẹ̀pìtàn tí wọ́n ṣe ní Ìlú Dáfídì ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n rí èdìdì amọ̀ kan ní ọdún 1982 tí a kọ orúkọ Gemaráyà ọmọ Ṣáfánì sí. Àwọn ènìyàn gidi tí wọ́n ní èdìdì tiwọn ni à ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn pẹ̀lú ìdílé kejì. Ákíbórì bá Áhíkámù lọ sọ́dọ̀ Húlídà ní ọjọ́ kan náà, wọ́n jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wòlíì Uráyà ará Kiriati-Jéárímù sá lọ sí Íjíbítì nítorí ìbínú Jèhóákímù, Ẹlinátánì ọmọ Ákíbórì ni ọba rán láti lọ mú un padà. Wọ́n mú un dé, wọ́n fi idà pa á, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ sí ibi ìsìnkú àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yìn èyí ni mo wá bá Ẹlinátánì yìí nínú Jeremáyà orí 36, tí ó ń bẹ ọba pé kí ó má sun ìwé Jeremáyà. Ó dùn mí fún ọkùnrin náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá kà á.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní orí 36 yẹn, nítorí pé inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí à ń sọ ti ṣẹlẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni, ọdún karùn-ún Jèhóákímù, òtútù mú, ọba wà ní ilé ìgbà òtútù rẹ̀, iná sì ń jó nínú ìdáná níwájú rẹ̀. Jéhúdì ń ka ìwé kíká náà. Bí ó bá ti ka ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba a fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, a sì jù ú sínú iná, títí ìwé náà fi jóná tán. Ìwé Mímọ́ ní wọn kò bẹ̀rù, wọn kò sì fa aṣọ wọn ya. Bàbá ọba yìí ni ó fa aṣọ ya nígbà tí bàbá Gemaráyà ka ìwé sí i létí; ní ọjọ́ yìí, Gemaráyà ń bẹ ọmọ Jòsáyà, ọmọ kò sì gbọ́. Ọba wá pàṣẹ fún Jèráméẹ́lì ọmọ ọba pé kí ó lọ mú Bárúkù àti Jeremáyà. Jèhóákímù kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà náà, Jèráméẹ́lì kò sì lè jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ tí ó ti dàgbà tó láti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti ìdílé ọba wá, tí ó sì di ipò mú ní ààfin ni, bí a ṣe ń pe gbogbo ẹni tí ó bá ti ilé ọba jáde ní ọmọ ọba lọ́dọ̀ tiwa.

Nítorí náà, Olùkọ́, ní ilé àwọn akọ̀wé ni Jeremáyà ti rí ààbò, ọwọ́ àwọn ọmọ ọba ni ó ti rí ewu. Títí dé òpin ni ó rí bẹ́ẹ̀. Íṣímáẹ́lì ọmọ Netanáyà, ẹni irú-ọmọ ọba, ni ó bá Gedaláyà jẹun ní Mísípà, tí òun àti ọkùnrin mẹ́wàá sì dìde nídìí oúnjẹ náà, tí wọ́n pa á.

Ará Àkúrẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún àlàyé wọn, ṣùgbọ́n ẹ dákun, mo ní láti fi ọ̀wọ̀ ta ko ìparí rẹ̀ díẹ̀. Jónátánì tí wọ́n sọ ilé rẹ̀ di túbú fún Jeremáyà, akọ̀wé ni òun náà. Ebedi-Mélékì tí ó yọ ọ́ nínú ihò kì í ṣe akọ̀wé, ìwẹ̀fà ará Kúṣì ni, ìránṣẹ́ inú ilé ọba.

Ohun tí mo fẹ́ kí kíláàsì náà rò ni pé ọ̀rọ̀ tí Jeremáyà ń sọ le láti gbọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ìlú rẹ̀ wà nínú ìsàgatì. Ó ní ẹni tí ó bá dúró nínú ìlú yóò kú, ẹni tí ó bá jáde tọ àwọn ará Kálídíà, ìyẹn àwọn ará Bábílónì tí wọ́n dó ti ìlú náà, lọ yóò yè. Àwọn ọmọ ogun gbọ́ èyí lórí odi. Àwọn ìjòyè wí pé ó ń mú ọwọ́ àwọn jagunjagun rọ, n kò sì rò pé irọ́ ni wọ́n pa. Méjì nínú àwọn ìjòyè náà, Júkálì ọmọ Ṣelemáyà àti Gedaláyà ọmọ Páṣúrì (kì í ṣe ti Mísípà), ni wọ́n ti rí èdìdì amọ̀ wọn ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 2005 àti 2008. Ènìyàn gidi ni wọ́n, tí wọ́n ń dáàbò bo ìlú wọn bí ó ti yé wọn.

Sedekáyà ni ó ń ṣe mí láàánú jù nínú àwọn ọmọ Jòsáyà. Nebukadinésárì ọba Bábílónì ni ó fi í jọba, ẹni ọdún 21 sì ni nígbà náà. Kò kórìíra Jeremáyà. Ní ìkọ̀kọ̀ ni ó ń ránṣẹ́ pè é, tí ó ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan wà láti ọ̀dọ̀ Olúwa. Ó pàṣẹ kí wọ́n máa fún un ní ìṣù búrẹ́dì kan lójoojúmọ́ láti òpópónà àwọn alásè, títí búrẹ́dì fi tán ní ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìjòyè ní kí wọ́n pa wòlíì, ó ní ó wà ní ọwọ́ wọn, pé ọba kò lè ṣe ohunkóhun tí yóò lòdì sí wọn. Wọ́n fi okùn sọ Jeremáyà kalẹ̀ sínú ihò Málíkíjà ọmọ ọba. Kò sí omi níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ náà. Ebedi-Mélékì lọ bá ọba ní ẹnu ibodè Bẹ́ńjámínì, ní gbangba, ó sọ fún un pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ṣe búburú. Ọba tí kò lè sọ pé rárá fún àwọn ìjòyè rẹ̀ kò lè sọ pé rárá fún ìwẹ̀fà yìí náà, ó fún un ní ọgbọ̀n ọkùnrin. Ìwẹ̀fà náà wá àkísà àti ogbó aṣọ ní abẹ́ ilé ìṣúra, ó sọ wọ́n kalẹ̀, ó ní kí wòlíì fi wọ́n sí abíyá kí okùn má bàa bó o lára. Ọkàn tí ó rántí àkísà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Olúwa ránṣẹ́ sí lẹ́yìn náà, pé òun yóò gbà á ní ọjọ́ ibi.

Ẹ̀rù ni ó pa Sedekáyà. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún Jeremáyà pé òun bẹ̀rù àwọn Júù tí wọ́n ti sá lọ bá àwọn ará Kálídíà, kí wọ́n má bàa fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Òṣùwọ̀n tí Onítàn mẹ́nu kàn sì wà níbẹ̀: nínú ìsàgatì yẹn, ọba bá àwọn ènìyàn dá májẹ̀mú, wọ́n tú àwọn ẹrú Hébérù sílẹ̀, bí ogun Bábílónì ti kó kúrò fún ìgbà díẹ̀ nítorí àwọn ará Íjíbítì, wọ́n tún kó àwọn ẹrú náà padà. Orí 34 ni ẹ ó ti rí i. Ní Ríbílà, wọ́n pa àwọn ọmọ Sedekáyà ní ojú rẹ̀, wọ́n sì fọ́ ojú rẹ̀.

Olùkọ́ Kíláàsì Àgbà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdílé Ṣáfánì kò yé mi báyìí rí, n kò sì ní gbójú fo àtakò Ará Àkúrẹ́. Ó ku ẹyọ kan. Jeremáyà sọ nípa Kóníà, ọmọ Jèhóákímù, pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò bí ọmọ, pé kò sí ọ̀kan nínú irú-ọmọ rẹ̀ tí yóò jókòó lórí ìtẹ́ Dáfídì. Kíróníkà Kìíní orí 3 ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún wa. Báwo ni a ó ṣe pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀?

Onítàn:

Olùkọ́, Jeremáyà orí 22 ẹsẹ 30 tí ẹ tọ́ka sí yẹn ṣàlàyé ara rẹ̀. Àìlọ́mọ tí wòlíì ń sọ jẹ́ ti ìtẹ́. Kóníà, tí à ń pè ní Jèhóákínì tàbí Jekonáyà, jọba ní ẹni ọdún 18, ó lo oṣù mẹ́ta, ó sì jáde fi ara rẹ̀ fún Nebukadinésárì ní ọdún 597, òun àti ìyá rẹ̀ Nehúṣítà. Ó bí ọmọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn Jámánì hú àwọn wàláà amọ̀ jáde ní ààfin Bábílónì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọdún 592, wọ́n sì kọ ìwọ̀n òróró tí wọ́n ń fún ọba Júdà yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún sí inú wọn. Ìparí Ìwé Àwọn Ọba Kejì náà sọ pé ní ọdún kẹtàdínlógójì ìgbèkùn rẹ̀, ọba Bábílónì tuntun mú un kúrò ní túbú, ó sì ń jẹun ní iwájú ọba ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi han kíláàsì ni òrùka. Ní ẹsẹ 24, Olúwa ní bí Kóníà tilẹ̀ jẹ́ òrùka èdìdì ní ọwọ́ ọ̀tún òun, òun yóò fà á yọ. Nígbà tí wọ́n ti ìgbèkùn dé, ní oṣù kẹsàn-án ọdún kejì Dáríúsì, ìyẹn 520, wòlíì Hágáì jíṣẹ́ fún Sérúbábélì gómìnà Júdà, ọmọ-ọmọ Kóníà yìí kan náà, pé Olúwa yóò ṣe é bí òrùka èdìdì nítorí pé òun ti yàn án. Ẹni tí ó gbọ́ Hágáì ní ọjọ́ yẹn tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ Jeremáyà kò ní béèrè ìtumọ̀. Síbẹ̀ gómìnà ni Sérúbábélì, lábẹ́ ọba Páṣíà, kò sì jókòó lórí ìtẹ́ Dáfídì. Ọ̀rọ̀ wòlíì àkọ́kọ́ dúró, àánú sì bọ́ sí i.

Bí ẹnìkan bá tún béèrè nípa ìran Jésù, ẹ sọ fún un pé Mátíù orí 1 gba ọ̀dọ̀ Sólómọ́nì àti Jekonáyà yìí kọjá, Lúùkù orí 3 sì gba ọ̀dọ̀ Nátánì ọmọ Dáfídì. Sérúbábélì ọmọ Ṣéálítíẹ́lì wà nínú méjèèjì. Ẹ fún ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹ má fi kún ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí.